Àpò egungun kan láti inú àkìtàn àtijọ́: ṣé ẹtà ni gbogbo rẹ̀ lóòótọ́?

Àṣàbí_ÒkèFìà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí egungun.

Àpò kan wà lọ́wọ́ wa ní Òṣogbo níbí tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Inú àkìtàn àtijọ́ kan lẹ́bàá ìlú ló ti jáde, láàárín sẹ̀ǹtímítà 60 sí 80 nísàlẹ̀, níbi tí eérú ti pọ̀ jù. Asẹ́ olójú mílímítà 5 la fi sẹ́ yẹ̀pẹ̀ ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́. Láti ìpele kẹrin lọ, a lo olójú mílímítà 2. Ìpele kẹrin yìí ló mú àwọn nǹkan wọ̀nyí wá:

1. Ààbọ̀ egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀, apá òsì. Iwájú rẹ̀ ti kán. Eyín kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn pátápátá ló kù lẹ́nu rẹ̀, ihò àwọn yòókù ló ṣẹ́ kù.
2. Ìsàlẹ̀ egungun apá, níbi ìgúnpá. Ihò tínínrín kan wà lápá inú rẹ̀, díẹ̀ sókè oríkèé.
3. Egungun itan tí kò ní orí, tí kò sì ní ìdí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.
4. Egungun kan tó rí bí ọ̀pá, sẹ̀ǹtímítà 8, tí ipa jíjìn kan gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀ láàárín wa.
5. Egungun ìka mẹ́fà, méjì nínú wọn jẹ́ ti èékánná.

Ẹni tó kọ́kọ́ tò wọ́n kọ “ẹtà” sára àpò náà. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ẹtà ni, ajá ni, tàbí ológbò? Ṣé dandan ni ká fi wọ́n ránṣẹ́ sí òkè òkun fún ìdánwò? Kí sì ni ká kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ báyìí?


Awalẹ̀pìtàn_Ọ̀rọ̀kí:

Àṣàbí, ẹ kú làálàá. Ẹ pa orúkọ ẹtà yẹn rẹ́ ná. Kì í ṣe pé kò lè jẹ́ ẹtà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé orúkọ kan ṣoṣo la fi bo egungun mẹ́wàá mọ́lẹ̀. Àkìtàn ni ẹ gbẹ́. Ohun tí agbo ilé mẹ́ta dà nù lọ́dún mẹ́wàá lè wà nínú garawa yẹ̀pẹ̀ kan. Ẹ mú egungun kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun nìkan ló jáde látinú ilẹ̀.

Kí a tó bèèrè irú ẹran ajẹran tó jẹ́, ẹ jẹ́ ká yọ àwọn tí kì í ṣe ajẹran kúrò, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń pọ̀ jù ní agbègbè wa. Ọ̀yà tó dàgbà lè wọ̀n tó kílò 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó tó ológbò ńlá. Egungun itan tàbí apá rẹ̀ tó ti kán á jọ ti ajẹran lójú ẹni tó ń kánjú. Ẹnu rẹ̀ kò lè tan yín ní tirẹ̀: eyín iwájú rẹ̀ gbọọrọ, ó tẹ̀ bí dòjé, ó pọ́n bí ọsàn, èyí tó wà lókè sì ní ipa jíjìn mẹ́ta. Àlàfo gbalasa ló tẹ̀ lé e, kò sí eyín ṣóṣóró rárá. Tí ehoro bá ni, ẹ wo egungun itan lápá òde, díẹ̀ sísàlẹ̀ orí rẹ̀: pẹpẹ kékeré kan yọ síta níbẹ̀, ajẹran kò ní in. Ẹ tún wo ojúgun. Ti ehoro àti ti eku, egungun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti so mọ́ ọn nísàlẹ̀, ó di ọ̀kan. Ti ajá àti ológbò, méjèèjì dá wà títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀bọ ńkọ́? Eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ní orí mẹ́rin tó tò ní méjì-méjì bí ebè, kò sì sí ihò tínínrín lápá inú ìgúnpá rẹ̀.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Egungun àgbọ̀n ni ibi pẹlẹbẹ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ ka eyín tó wà lẹ́yìn eyín ṣóṣóró, ní ẹ̀gbẹ́ kan àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Ajá ní 7. Ẹtà ní 6. Genet náà ní 6 (ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ onítótòtó yẹn tí ìrù rẹ̀ gùn tó sì ní òrùka-òrùka, orúkọ tí àwọn ọdẹ ń pè é yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí èyí tó wà nínú ìwé). Otter inú odò ní 5, bẹ́ẹ̀ náà ni cusimanse, mongoose kékeré onímú gígùn inú igbó. Honey badger, ẹran dúdú ẹlẹ́yìn funfun tó ń jí oyin, ní 4. Ológbò ní 3 péré.

Tí eyín bá ti bọ́, ihò gbòǹgbò ni kí ẹ kà. Ti ajá jẹ́ 12: eyín àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn ní gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan, márùn-ún tó wà láàárín ní méjì-méjì. Ti ológbò jẹ́ 6. Ẹ fi burọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti igi ìtayín yọ yẹ̀pẹ̀ inú ihò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kà á. Ihò tí yẹ̀pẹ̀ bá dí máa ń farapamọ́, wàá ka 10 níbi tí 12 wà. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ajá tó dàgbà: eyín rẹ̀ lè ti bọ́ nígbà tó wà láàyè, egungun á sì ti dí ojú ihò náà pátápátá, á jọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ rí. A tún máa ń rí ajá tí a bí láìní eyín kékeré ìkẹyìn yẹn.

Ẹ ka ihò fún wa, kí ẹ sì ṣàpèjúwe eyín tó kù.


Àṣàbí_ÒkèFìà:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. A ti nu ihò wọn. Mẹ́rin ló ṣófo, wọ́n tò ní méjì-méjì. Eyín tó kù jókòó sórí gbòǹgbò méjì. Mẹ́fà lápapọ̀. Níwájú ihò àkọ́kọ́, etí egungun lásán ni, títí dé ibi tó ti kán.

Eyín yẹn rí bí abẹ méjì tó dojú kọra, àárín wọn là bíi lẹ́tà V. Kò sí pẹpẹ kankan lẹ́yìn abẹ kejì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 7.6. Gbòǹgbò iwájú nípọn, ti ẹ̀yìn tín-ín-rín púpọ̀.


Adéníyì_Ifẹ̀:

Ológbò nìyẹn. Eyín abẹ méjì tí kò ní pẹpẹ lẹ́yìn, gbòǹgbò iwájú tó ju ti ẹ̀yìn lọ fíìfíì, ihò mẹ́fà, àlàfo níwájú wọn: gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Ká ní ẹtà ni, ẹ̀ bá rí orí mẹ́ta níwájú eyín náà, àti pẹpẹ fífẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi ń lọ èso àti kòkòrò. Àwọn eyín tó wà lẹ́yìn pátápátá lẹ́nu ẹtà fẹ̀, orí wọn kò sì ga, nítorí kì í ṣe ẹran nìkan ló ń jẹ. Ajá náà ní pẹpẹ lẹ́yìn eyín yìí, tirẹ̀ sì sábà máa ń gùn ju mílímítà 17 lọ.

Ṣé ológbò ilé ni tàbí ológbò igbó? Mílímítà 7.6 bọ́ sáàárín ìwọ̀n ológbò ilé, ó sì mú àwọn ológbò igbó ńlá bíi serval kúrò. Ṣùgbọ́n ológbò igbó ilẹ̀ Áfíríkà tó jẹ́ baba ńlá ti ilé, ìwọ̀n àwọn méjèèjì wọnú ara wọn, eyín kan kò lè yà wọ́n. Ẹ kọ “Felis”, ìyẹn orúkọ tó kó àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ìwé, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dandan mú yín kọ “ológbò ilé” nítorí pé inú ìlú ni àkìtàn wà.

Ó ku egungun apá. Ihò tínínrín lápá inú, lókè oríkèé ìgúnpá, ni ọ̀nà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń gbà kọjá. Ológbò ní in, genet ní in, ajá kò ní in. Ti ajá, àárín gbùngbùn ni ihò rẹ̀ wà, gẹ́lẹ́ lókè oríkèé, ó sì là já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyẹn lè máà sí lára ajá kúkúrú ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́. Àwọn ihò méjì yìí ni wọ́n máa ń gbé fún ara wọn, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n wà yàtọ̀ pátápátá. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo etí ihò náà pẹ̀lú. Tó bá dán, tó yí roboto, ti ẹ̀dá ni. Tó bá mú, tó ní pàlàpálá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì lu nínú ilẹ̀ tàbí lábẹ́ burọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi caliper wọn fífẹ̀ ìsàlẹ̀ egungun náà láti etí dé etí. Ti ológbò ilé sábà máa ń wà láàárín mílímítà 16 sí 20. Láìsí egungun genet tòótọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tí ìwọ̀n yẹn lè gbé yín dé ni “ó jọ ológbò”.

Èyí tó rí bí ọ̀pá, tó ní ipa lábẹ́, egungun inú okó ajá ni. Ìdí rẹ̀ nípọn, ó ń tín-ín-rín lọ síwájú, ipa abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà ìtọ̀. Ti ológbò kò ju mílímítà díẹ̀ lọ, asẹ́ yín kò tilẹ̀ lè mú un. Ti otter gùn, àmọ́ orí rẹ̀ wú, kò sì ní ipa gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Akátá náà wà nínú ìdílé ajá, nítorí náà ẹ kọ “ajá tàbí akátá, akọ”. Ẹ wò ó bí àpò kan ṣe ti di ẹranko méjì.

Ẹ yẹ àwọn egungun ìka wò dáadáa, wọ́n lọ́rọ̀ í sọ. Ológbò máa ń fa èékánná rẹ̀ wọnú. Egungun ìka àárín rẹ̀ kò dọ́gba: ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣó wọnú bí ẹni fi ṣíbí gé e, kí èékánná lè rí ibi sùn sí. Ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ wò ó láti òkè, ojú lásán ló máa ń hàn sí. Ti ajá tọ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rí bákan náà. Egungun èékánná ológbò ga, ó sì mú ṣóńṣó; ti ajá gùn, ó rẹlẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì mú nítorí ó ń wọ́ ọ nílẹ̀.

Ti egungun itan yẹn, ẹ wo ojú ibi tí orí àti ìdí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Tó bá rí wúruwùru bí ìgbì omi, a jẹ́ pé kò kán, orí rẹ̀ ni kò tíì so mọ́ ọn: ọmọ ẹranko ni. Ara egungun ọmọ ẹranko tún máa ń rí bí ara búrẹ́dì, kò dán. Itan ajá kì í parí síso pọ̀ títí di nǹkan bí ọdún kan àbọ̀. Egungun itan ológbò tó dàgbà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 7 láìlórí lè jẹ́ ọmọ ológbò, ó lè jẹ́ ọmọ ajá, ó tilẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ẹtu. Ẹ kọ “ẹranko kékeré, ọmọdé, a kò yà á”. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Egungun ọmọ ajá tí wọ́n sọ di genet tó dàgbà ń ba àkọsílẹ̀ jẹ́ ju àlàfo lọ.


ÌtọjúEgungun:

Ẹ dákun, kí ẹ tó máa wọn nǹkan: ṣé ẹ kò rẹ wọ́n sómi? Egungun inú eérú máa ń gbẹ, ó sì máa ń rọrùn láti fọ́. Burọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ àti omi díẹ̀ ti tó. Abẹ́ ibòji ni kí wọ́n ti gbẹ, oòrùn á là wọ́n, pàápàá eyín. Ẹ má di wọ́n sínú ọ̀rá nígbà tí wọ́n ṣì tutù, olú á hù sí wọn lára. Ẹ má sì lo gọ́ọ̀mù alágbára tí wọ́n ń tà lọ́jà láti lẹ èyí tó kán: kò ṣeé tú mọ́ dáadáa, ó sì ń ba ìdánwò tó bá fẹ́ wáyé lọ́jọ́ iwájú jẹ́. Gọ́ọ̀mù Paraloid B-72 tí a yọ́ sínú acetone ni àwọn onítọ̀ọ́jú ohun àtijọ́ ń lò, nítorí acetone kan náà lè tú u.

Lórí àfiwé: kò sí àwòrán inú ìwé tó lè rọ́pò egungun gidi lọ́wọ́. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀dá tó wà ní Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí Òṣogbo. Ẹ kọ lẹ́tà síwájú, kí ẹ sọ ẹ̀yà egungun tí ẹ fẹ́ fi wé, kí ẹ má kàn sọ pé “a fẹ́ wo ẹranko”. Ológbò àti ajá, ẹ lè fúnra yín ṣe tiyín láti ara èyí tó kú fúnra rẹ̀ tàbí tí mọ́tò pa. Ajá tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ kó tó kú, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá: àrùn dìgbòlugi wà nínú itọ́ àti ọpọlọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nígbà gbogbo.

Ẹ bó awọ, ẹ gé ẹran kúrò, ẹ di ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìbọ̀sẹ̀ náílọ́nù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ “iwájú ọ̀tún”, “ẹ̀yìn òsì” sí wọn. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, egungun ìka á dàrú mọ́ra, ọjọ́ mẹ́ta kò ní tó yín tò wọ́n. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí, kí omi bò ó, ẹ gbé e jìnnà sí ilé nítorí òórùn. Ní ọjọ́ díẹ̀-díẹ̀ ẹ máa da ìdajì omi nù, kí ẹ fi tuntun kún un. Ìdajì tó ṣẹ́ kù ló ní kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹran náà. Pẹ̀lú ooru Òṣogbo, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ló sábà ń gbà. Asẹ́ ni kí ẹ fi da omi, kí eyín má bá a lọ. Ẹ má se orí rẹ̀ lórí iná, eyín á là. Ẹ má sì fi omi ìfọṣọ tó ń mú aṣọ funfun (bleach) sí i: inú egungun ló ń jẹ, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á máa wó bí ẹfun. Hydrogen peroxide tó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ kan péré, ti tó.

Ẹ tún ya fọ́tò kí ẹ fi síbí. Aṣọ dúdú lábẹ́, rúlà gbé sókè dé ìpele kan náà pẹ̀lú egungun, ìmọ́lẹ̀ láti apá òsì lókè. Ẹ má gbé fóònù súnmọ́ ọn jù, ojú rẹ̀ á wú bí ẹ̀gbẹ́ ìgò. Ẹ jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 40, kí ẹ fi zoom fà á. Iwájú, ẹ̀yìn, inú, òde: mẹ́rin fún egungun kọ̀ọ̀kan.


Àṣàbí_ÒkèFìà:

A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mẹ́ta nínú egungun ìka náà ṣó wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ ṣe wí. Fífẹ̀ ìsàlẹ̀ egungun apá jẹ́ mílímítà 17.8, etí ihò rẹ̀ dán. Ojú ìdí itan rí wúruwùru.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹnì kan nínú wa sọ pé ajá Ògún ni egungun ajá yẹn. Ẹlòmíràn sọ pé, níwọ̀n bí ìpele mẹ́ta òkè kò ti ní ológbò, ìpele kẹrin ni ológbò ti dé àdúgbò yẹn tí wọ́n sì ti parẹ́ lẹ́yìn náà. Ṣé a lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?


Awalẹ̀pìtàn_Ọ̀rọ̀kí:

Rárá sí méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Asẹ́ ni ẹ kọ́kọ́ rò. Egungun ìka ológbò ń gba ojú mílímítà 5 kọjá wọ́ọ́rọ́, eyín rẹ̀ tó dá wà náà ń gbà á kọjá. Ohun tí ìpele mẹ́ta òkè kò ní lè jẹ́ ohun tí asẹ́ kò mú. Tí yẹ̀pẹ̀ tí ẹ sẹ́ bá ṣì wà ní òkìtì, ẹ bu garawa mẹ́wàá láti ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi olójú mílímítà 2 sẹ́ ẹ. Tí kò bá sí mọ́, ẹ má fi ìpele òkè wé ti ìsàlẹ̀ lórí ẹran kéékèèké.

Èkejì ni ilẹ̀. Ilẹ̀ pupa wa máa ń kan, òjò sì ń fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún. Ó ń jẹ egungun. Eérú ń pa kíkan yẹn, ìdí nìyẹn tí ìpele eérú fi máa ń tọ́jú egungun ju ibòmíràn lọ. Ní Òṣogbo ìlú aró, níbi tí àwọn aláró ti ń lo eérú láti ìran dé ìran, ẹ retí òkìtì eérú níbi púpọ̀. Egungun tó pọ̀ níbẹ̀ kò fi hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ ẹran jù. Ẹ wọn kíkan ìpele kọ̀ọ̀kan, ìwé ìdánwò kíkan tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà kẹ́míkà ti tó, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye egungun.

Ní ti Ògún: ẹnu ọrùn ni wọ́n ti ń bẹ́ ajá Ògún. Egungun ọrùn kìíní àti ìkejì ni kí ẹ wá, kí ẹ wò bóyá ojú àdá wà lára wọn. Egungun inú okó kan ṣoṣo kò lè sọ bí ajá ṣe kú. Tí ẹ bá sì wá rí orí ajá nìkan láìsí ara, ẹ má tíì yọ̀: eyín le ju gbogbo egungun lọ, nínú ilẹ̀ kíkan orí àti eyín ló máa ń kù lẹ́yìn tí ìyókù ti jẹrà, yálà wọ́n bọ Ògún tàbí wọn ò bọ ọ́. Ẹ tún wò bóyá àwọ̀ egungun náà bá ti àwọn yòókù mu. Ẹran tó gbẹ́ ihò wọ ilẹ̀ lánàá lè kú sínú ìpele ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta.

Ohun tí ẹ máa kọ nìyí. Àgbọ̀n òsì: Felis, ó dájú. Ìka mẹ́ta tó ṣó wọnú: ó jọ Felis. Ìsàlẹ̀ egungun apá: cf. Felis, ìyẹn ni pé ó jọ ọ́, a kò tíì fi genet wé e. Ọ̀pá: ajá tàbí akátá, akọ, ó dájú. Itan: ẹranko kékeré, ọmọdé. Ìka mẹ́ta tó kù, èékánná méjì inú wọn: ẹ dúró de fọ́tò. Iye ẹranko tó kéré jù: ológbò kan, ajá tàbí akátá kan. Ẹ má ka itan mọ́ ẹnikẹ́ni. Fún egungun kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ apá ọ̀tún tàbí òsì, ibi tó kù lára rẹ̀, bóyá ó so pọ̀, ojú ọ̀bẹ, ojú eyín ajá, àti bóyá ó jóná. Èyí tó jóná di funfun ti sún kì, ẹ má fi ìwọ̀n rẹ̀ wé ti tútù.

Fífi ránṣẹ́ sókè òkun kò tíì kàn. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀ kò gbà kí ohun àtijọ́ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ooru àti ọ̀rinrin wa sì ti jẹ púpọ̀ nínú ohun tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń wá nínú egungun. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdánwò, itan ọmọdé yẹn ni kí ẹ yà sọ́tọ̀, òun ni ojú kò lè yà. Ẹ má gé e títí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n tí ẹ ó sì ya fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀.


Àṣàbí_ÒkèFìà:

A ti pa “ẹtà” rẹ́ lára àpò. A ti pín in sí ọ̀rá márùn-ún, nọ́ńbà ìpele wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ ìpele kejì àti ìkẹta ṣì wà, ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀ sí í tún un sẹ́. Fọ́tò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.